Àjọ Tí Kò Ṣeé Kó

Ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn náà, kò sí ẹni tó ń pe obìnrin yìí ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Iná-ò-jómi ni wọ́n ń pè é. Bí áyọ́ọ̀nù bá gbóná tí àwọn yòókù ń fi àkísà di ọwọ́ kí wọ́n tó gbé e, òun á kàn fi ìka tó rin tọ́ ọ wò, á ní kò tíì tó. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, aṣọ funfun dókítà, aṣọ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ abẹ, gbogbo rẹ̀ ló ń gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Òòró ló dúró lọ aṣọ wọ̀nyí títí orúnkún rẹ̀ fi ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

Àwọn obìnrin ibẹ̀ ní àjọ tiwọn. Kò síwèé, kò síbùúra. Ìyá tó ń ká aṣọ, ọ̀rẹ́ Iná-ò-jómi, ló ń gbà á. Òfin kan péré ni wọ́n ní: ẹni tí ọ̀ràn bá já lé lórí ni yóò kó o, kò báà jẹ́ pé kò tíì kàn án láti kó. Ọmọ ṣàìsàn, ó yá, kó o. Onílé ju ẹrù síta, ó yá, kó o. Ohun tí wọ́n mọ̀ ní àjọ nìyẹn.

Ọjọ́ tí ọkùnrin kan kó agboòrùn ọ̀fẹ́ wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, ọ̀rọ̀ àjọ yìí ló gbọ́ lẹ́nu wọn, ló bá gbé e wọ̀ bí ẹ̀wù. Iléeṣẹ́ kan tó ń bá èèyàn tọ́jú owó ọjọ́ ogbó ló rán an. Ó ní owó ìfẹ̀yìntì tí ilé ìwòsàn ń yọ lára owó oṣù wọn, itọ́ ẹnu eèrà ni, kò lè pa òùngbẹ. Kí wọ́n fọwọ́ ara wọn dá díẹ̀ kún un.

"Àjọ yín yìí náà ni, ẹ̀yin ìyá mi," ló wí. "Tiwa kàn ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni."

Ìyá aká-aṣọ ní òun ò ṣe, ọmọ márùn-ún lòun tọ́jú owó òun sí. Iná-ò-jómi bi í pé nínú báńkì márààrún, èwo ló ń gbé fóònù bó bá pè é. Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Bí Iná-ò-jómi ṣe tẹ̀ka nìyẹn, tó gba agboòrùn, tí owó sì ń lọ lóṣooṣù, tí ọdún ń gorí ọdún.

Ìgbà tí orúnkún fẹ́ kọ iṣẹ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ ránṣẹ́ sí i. Yàrá kan ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù òun, onílé á dì í mú títí oṣù á fi parí. Kí ẹ̀gbọ́n òun gbà á, kó máa bá òun lọ aṣọ tóun bá rán, lórí àga. Lórí àga kẹ̀, obìnrin tí kò jókòó ṣiṣẹ́ rí láyé rẹ̀! Ó gbéra, ó di iléeṣẹ́ alágboòrùn, kí wọ́n kó àjọ òun fún òun.

Ọkùnrin ọjọ́sí náà ló bá ní ọ́fíìsì, ó ti di ọ̀gá. Ó ṣàlàyé fún un pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó ti inú àdéhùn. Bó bá tó náà, wọn kì í kó o fúnni lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa fún un lóṣooṣù. Bó bá sì ní dandan, báyìí lòun fẹ́ ẹ, ìdá kan nínú mẹ́rin á di ti iléeṣẹ́. Ìyẹn yàtọ̀ sí owó iṣẹ́ wọn tí wọ́n ti ń yọ nínú rẹ̀ lọ́dọọdún. Èyí tó máa kù kò lè gba yàrá.

"Ṣebí àjọ lo pè é," ni Iná-ò-jómi wí.

"Àpèjúwe lásán nìyẹn, Mọ́mì."

Inú obìnrin náà hó bí omi sítáàṣì. Kì í ṣe ti owó nìkan. Ọ̀rọ̀ táwọn obìnrin tó jọ ń làágùn fi gbára lé ara wọn ni ọkùnrin yìí yá lò, tó sì dá a padà ní àkísà. Oṣù parí, onítúnṣe fóònù kan kó sí yàrá náà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni alágboòrùn tún yọ sí ilé ìfọṣọ, nítorí wọ́n gba àwọn ọmọbìnrin tuntun síṣẹ́. Kò tíì pe àjọ tán lẹ́nu tí Iná-ò-jómi fi gbé áyọ́ọ̀nù nàró, tó lọ dúró síwájú rẹ̀.

"Ohun tó o sọ fún mi ní ọ́fíìsì, sọ ọ́ fún wọn. Má fi oyin sí i."

Ọkùnrin náà wo ojú ọ̀gá ilé ìfọṣọ, ọ̀gá wo ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Nígbà tí kò sí olùgbàlà, ó sọ ọ́. Ó sọ ti ọjọ́ orí, ti díẹ̀díẹ̀, ti ìdá tí wọ́n ń gé, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bí ẹni ń ka ẹ̀ṣẹ̀.

Aboyún kan láàárín àwọn tuntun ní kí màmá má bínú, òun fẹ́ béèrè. "Ká ní ẹ lè kó o nígbàkúgbà ni, ṣé ó máa kù dòní?"

Ìyá aká-aṣọ wolẹ̀. Ó mọ iye ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti sáré wá kó àjọ kékeré nítorí ọmọ.

Iná-ò-jómi ò purọ́. "Kò ní í kù, ọmọ mi. Ǹ bá ti ná an. Ṣùgbọ́n èmi ni kí n fọwọ́ ara mi tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Eléyìí tì í, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ, ó ní ilẹ̀kùn ò sí níbẹ̀."

Aboyún náà tẹ̀ka. Ó ní òun ti gbọ́ bó ṣe korò sí, ibi tí ẹ̀bẹ̀ ọkọ òun ò ti lè dé gan-an lòun ń wá. Àwọn méjì dá agboòrùn padà. Iná-ò-jómi ò dá ẹnikẹ́ni dúró. Ó wo ọkùnrin náà títí ó fi di ẹrù rẹ̀ tán.

"Bó o bá tún ń bọ̀, bá ọjà rẹ wá orúkọ tirẹ̀. Àjọ ní àwọn tó ni ín."

Ọkùnrin náà ní òun ti gbọ́, ó jáde. Iná-ò-jómi fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan láti orí òkìtì, ó tẹ́ ẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ kò tíì rọ̀. Ìdúró ọ̀pọ̀ ọdún ṣì ń bẹ níwájú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé alágboòrùn ló fa àga ṣọ́ọ̀bù àbúrò òun yọ nídìí òun.