Bọ̀lẹ̀kájà Màmá Onílé

Lásìkò Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ gbogbo ọjà di ọ̀wọ́n, nígbà tí ọkọ̀ tuntun ti kọjá agbára ẹni, ni ọkọ mi sọ pé òun fẹ́ jí bọ̀lẹ̀kájà tó ti kú sẹ́yìn ilé wa ní Ifọ̀ dìde. Káfíńtà ni, láti apá Ọ̀ṣun. Pákó ló sì pọ̀ jù lára bọ̀lẹ̀kájà. Ọkọ màmá onílé wa ló ń fi kó èrò nígbà ayé rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá náà ti kú, ọkọ̀ ò kúrò lójú kan mọ́. Koríko ti hù gba abẹ́ rẹ̀ yọ sáàárín ìjókòó.

Màmá gbà kíá. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: inú ọkọ̀ yìí ló ń jókòó sí ní gbogbo ọ̀sán, lórí àga iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga dírẹ́bà. Ibẹ̀ ló ti ń bó ẹ̀gúsí, ibẹ̀ ló ti ń gba àlejò.

"Màmá, a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́," ni ọkọ mi wí lórí ìdọ̀bálẹ̀.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀. Ṣé mo dí yín lọ́wọ́ ni?"

Ó dí wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wa gbà pé àárò ọkọ rẹ̀ ló ń sọ ọ́, ta ni yóò sì lé opó kúrò nínú ọkọ̀ ọkọ rẹ̀? Bí wọ́n ṣe tún ọkọ̀ ṣe yí i ká nìyẹn. Mẹkáníìkì tó ń wá láti Òkè-Àró tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà; màmá ń bó ẹ̀gúsí. Ọkọ mi yọ pákó tí ikán ti jẹ. Nígbà tó kan abẹ́ ẹsẹ̀ màmá, màmá gbé ẹsẹ̀ sókè títí wọ́n fi kan ìṣó tán. Èmi ni mo rán tìmùtìmù ìjókòó. Mo wọn gbogbo àga. Ti màmá, ojú ni mo fi díwọ̀n.

Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì dáhùn, èéfín dúdú bo àdúgbò. Nígbà tó ká kúrò, màmá ṣì wà níbẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹ̀gúsí rẹ̀.

"Níbo là ń lọ?" ló bi wá.

Ọ̀dọ̀ àwọn fí-àì-ó ni, kí wọ́n wò ó bóyá ó tó rìn lójú títì. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kí gbogbo wa bọ́ sílẹ̀. Màmá kí i kú iṣẹ́, kò bọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó títí, ó tẹrí ba, ó sì yẹ ọkọ̀ wò bẹ́ẹ̀. Bírékì mú, iná tàn. Ó ní ọkọ̀ ń tẹ̀ sápá kan. Ọkọ mi ní apá ibi tí màmá jókòó sí ni. Ọ̀gá náà buwọ́ lùwé.

Nígbà tí à ń bọ̀, ọkọ̀ kó sí kòtò mélòó kan. Màmá ní kí wọ́n dúró. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Mo sáré tẹ̀ lé e.

"Màmá, ẹ má banú jẹ́. Bàbá ti wà níbi ìsinmi."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ bàbá? Gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ ìyàwó rẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń fi mí sí, láàárín àwọn adìyẹ. Ó ní àwọn èrò gidi ló ni iwájú. Mo fẹ́ mọ bó ṣe rí níwájú ni."

"Báwo ló ṣe wá rí?"

"Ó ń gbọ̀n."

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ọkọ mi fi ọkọ̀ kó èrò lọ sí Abẹ́òkúta. Nígbà tó fi máa padà dé, màmá ti kọ ebè sí gbogbo ibi tí ọkọ̀ máa ń wà, ó ti gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ títì ni ọkọ mi gbé e sí.