Ògiri Eérú Ní Àgbàlá Ìyá Àgbà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní àgbàlá wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ fún yín. Ó ti pẹ́ tó ti wà nínú mi, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ kọ ọ́, ńṣe ni mo máa ń bi ara mi pé ṣé kì í ṣe pé mo lá àlá. Kì í ṣe àlá o! Àwọn èèyàn wà níbẹ̀ tó lè jẹ́rìí mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ púláàn ilé ni mò ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé á wá bá mi, màá sì yà á sórí ìwé fún un. Ilé tó wù mí jù láti máa yà ni ilé oníbíríkì amọ̀, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí kì í jẹ sìmẹ́ńtì púpọ̀. Ẹ ṣáà mọ bí oòrùn ṣe ń mú lọ́dọ̀ wa! Àwọn àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ yìí á gba oòrùn sára látàárọ̀, tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tú u lé wa lórí. Ẹni tó bá wà nínú ilé sìmẹ́ńtì lábẹ́ tólù, ìyẹn páànù, tó rẹlẹ̀ lásìkò yẹn, àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sórí ọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, ń gbé nínú yàrá amọ̀ àtijọ́ kan ní àgbàlá wa. Ògiri yàrá náà ti lanu débi pé tí ẹ bá dúró síta, ẹ máa rí ẹní Ìyá Àgbà nínú ilé. Lásìkò òjò tó kọjá, apá kan òrùlé rẹ̀ já wálẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé yàrá yẹn kò ní la òjò mìíràn já, ẹni tó bá sì wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wó, ká má rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Láwàní, tó ń tajà ní Kútọ̀nú, wá sọ pé òun máa kọ́ ilé tuntun fún Ìyá Àgbà lórí ilẹ̀ wa náà, kí n tètè ya púláàn rẹ̀. Inú mi dùn! Àmọ́ ó ní ohun kan wà tí òun ò fẹ́ gbọ́ àròyé lórí ẹ̀: ògiri gíga gbọ́dọ̀ yí gbogbo rẹ̀ ká, kí pọ́táì kan ṣoṣo, ìyẹn géètì onírin, sì wà níwájú. Àwọn olè ti ká a mọ́lé rí ní Kútọ̀nú. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ìfẹ́ ló ń bá a jà, ẹ má bínú sí i.

Mo yà á bó ṣe wí. Mo gbé púláàn lọ bá Ìyá Àgbà, mo ṣàlàyé yàrá, mo ṣàlàyé ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ṣàlàyé ògiri. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

"Àdùkẹ́, iṣẹ́ rẹ dára. Ẹ kọ́ ọ. Èmi ò ní wọ̀ ọ́."

Háà! Kí ló dé? Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n kàn ní àwọn ò lè sùn nínú ilé tí àwọn ò mọ̀. Ẹ wá gbọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́? Òjò ń bọ̀, a ò sì lè ki ìyá wa mọ́lẹ̀ ká gbé wọn sọ sínú ilé bí àpò gàrí.

Mo ronú sí i títí. Mo ní tó bá jẹ́ pé àìmọ̀ ilé náà ni ìṣòro, kí n jẹ́ kí Ìyá Àgbà mọ̀ ọ́n kí a tó kọ́ ọ. Ni mo bá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Sikírà, aládùúgbò wa tó ń yan gàrí, mo ní kó fún mi ní eérú, èyí tó bá ní pátá. Ó bi mí pé ṣé ìjàlọ ló ya bo ilé wa ni!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọyẹ́ ṣì bo àwọn àpáta débi pé ìdí wọn nìkan la rí. Mo wọ́n omi sílẹ̀, mo na okùn, mo sì ń da eérú tẹ̀ lé okùn náà. Bí ilé náà ṣe máa tóbi gan-an ni mo ṣe yà á sílẹ̀. Yàrá rèé. Ilé ìdáná rèé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn máa gbà kọjá rèé, ó yà díẹ̀ kí a má baà gé igi máńgòrò. Níkẹyìn, mo da ògiri ẹ̀gbọ́n mi yí gbogbo rẹ̀ ká, mo fi àyè pọ́táì sílẹ̀ níwájú. Ni mo bá sọ fún Ìyá Àgbà pé ilé ti dé o, kí wọ́n wá gbé inú rẹ̀ di alẹ́.

Wọ́n kọ́kọ́ wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde, wọ́n ká ẹní wọn, wọ́n gba ẹnu pọ́táì wọlé. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ẹ gbọ́ o, Ìyá Àgbà tẹrí ba kí àtẹ́rígbà má baà gbá wọn lórí! Àtẹ́rígbà wo?

Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n kọjú sí ojú ọ̀run. Wọ́n béèrè fèrèsé. Mo fi hàn wọ́n, wọ́n na ọwọ́ gba ibẹ̀ jáde, wọ́n ní afẹ́fẹ́ rẹ̀ dára. Ìyá Sikírà náà wá wo ohun tí mo fi eérú rẹ̀ ṣe. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àgò o!"

"Àgò yà," ni Ìyá Àgbà dá a lóhùn láti inú yàrá.

Ó wọlé, ó gbé iná sí ilé ìdáná, ó ní òun máa se ọbẹ̀ àkọ́kọ́. Díẹ̀ ló kù kó fẹ̀yìn ti ògiri, ọpẹ́lọpẹ́ pé ó rántí.

Mo jókòó sídìí igi máńgòrò, mo ń wò wọ́n. Ọyẹ́ ń rìn láàárín wa jẹ́jẹ́, èéfín ń gòkè lọ níbi tí òrùlé yẹ kó wà. Nígbà míì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ògiri náà, ó pupa, ó tutù, ó ga jù mí lọ. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Ilé ò tíì sí, a sì ti ń gbé inú rẹ̀!

Àmọ́ nǹkan kan ti ń ṣẹlẹ̀ tí mi ò kíyè sí. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn àgbàlá wa. Àwọn tó ń bọ̀ láti ìdí kànga, àwọn tó ń lọ kírun, àwọn tó ń ti oko bọ̀ láti ọ̀nà Kaboua, inú àgbàlá wa ni gbogbo wọn máa ń là kọjá. Kò sì sí ẹni tó máa kọjá níwájú Ìyá Àgbà tí kò ní kí wọn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n dé ìdí ògiri eérú, wọ́n dúró. Ẹ mọ àwọn èèyàn wa. Ta ló máa rí eérú tí wọ́n dà sílẹ̀ ní ìlà gbọọrọ, tó máa kàn gbẹ́sẹ̀ lé e? Ta ló mọ ohun tí onílé ń ṣe? Wọ́n wò ó, wọ́n ṣẹ́rí padà, wọ́n gba ibòmíràn lọ. Ọ̀nà tó yí dé iwájú pọ́táì sì jìn, torí náà kò sí ẹni tó gba ibẹ̀.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ilé eérú ti dákẹ́. Ìyá Sikírà ti padà sídìí gàrí rẹ̀. Ìyá Àgbà dìde jókòó.

"Àdùkẹ́, yàtọ̀ sí Ìyá Sikírà, ta ló ti kí mi lónìí?"

Mo yíjú wo ẹnu pọ́táì, mo wo ọ̀nà ẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan.

"Ṣó o rí i? Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Ohùn àwọn tó ń kọjá ni mo fi ń mọ̀ pé mo ṣì wà láàárín èèyàn. Kí yàrá mi wó lù mí sàn ju kí n wà láàyè níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti ní kí mi."

Ẹ̀rù bà mí. Ògiri tí kò ga ju èèrà lọ ló ṣe gbogbo èyí, mélòómélòó wá ni ti bíríkì? Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló ní owó ilé. Tí kò bá gbà kí n ṣí ògiri rẹ̀, kò sílé. Tí kò bá sì sílé, inú yàrá tó lanu ni òjò máa bá Ìyá Àgbà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi ti sọ pé òun ń bọ̀ wá wo ilẹ̀. Mo dúró lẹ́nu pọ́táì, mo ń to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi! Zẹ̀míjàn, alùpùpù tó gbé e láti ojú títì, já a sílẹ̀ lọ́nà ẹ̀yìnkùlé. Ó gbé búrẹ́dì dání, ó ń pariwo "Ìyá Àgbà mi o! Ẹ kú ilé o!" Kò wolẹ̀, kò wòkè. Ó gba inú ògiri kọjá gbuurugbu, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹní wọn.

Ìyá Sikírà ló kọ́kọ́ figbe ta láti ìdí gàrí, pé ẹ wo ọkùnrin tó la ògiri kọjá! Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fọwọ́ gbá ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń fi oríkì rẹ̀ pè é, Àkànní, Àkànní ọmọ mi. Ó dìde pẹ̀lú eérú láyà, ó ń béèrè ohun tí òun ṣe.

"Ògiri yín ni, ẹ̀gbọ́n," ni mo wí. "Ẹ wẹ̀yìn wò."

Ó yíjú padà, ó rí ojú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí eérú. Mo wá sọ bí ọjọ́ náà ṣe lọ fún un, títí dé ọ̀rọ̀ tí Ìyá Àgbà sọ. Ó ní ọ̀rọ̀ olè ńkọ́?

"Olè wo ló máa gba ibi tí gbogbo àdúgbò ti ń kí mi wọlé?" ni Ìyá Àgbà bi í.

Ẹ̀gbọ́n mi padà síbi tó gbà wọlé. Ó kúnlẹ̀ sídìí ògiri, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá eérú kúrò lójú ọ̀nà, ó bi wọ́n pé ṣé ó tó.

"Fẹ̀ ẹ́ sí i," ni Ìyá Àgbà wí. "Ìyá Sikírà sanra."

Bí a ṣe kọ́ ọ nìyẹn. A fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn, a sì jẹ́ kí ògiri rẹlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì ibẹ̀ kí èèyàn lè fi í jókòó. A bẹ ará àdúgbò lọ́wẹ̀, wọ́n sì wá tẹ bíríkì pẹ̀lú wa. Ṣé wọ́n máa kọ̀? Ọ̀nà tiwọn náà ni!

Ìyá Àgbà kó wọlé kí òjò tó dé. Òjò àkọ́rọ̀ ò tíì dá tán tí yàrá àtijọ́ fi dà wó. Orí ibi tí ẹní wọn máa ń wà gan-an ni ògiri náà sùn lé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èmi àtẹ̀gbọ́n mi lọ dúró tì í. Lẹ́yìn wa, a ń gbọ́ àwọn tó ń kọjá bí wọ́n ṣe ń kí Ìyá Àgbà kú ewu níkọ̀ọ̀kan, tí Ìyá Àgbà sì ń fi orúkọ dá gbogbo wọn lóhùn.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ká tó gbé ògiri ró, ká kọ́kọ́ wo ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn ń gbà. Ilé tí ooru ò lè wọ̀ dára, àmọ́ èyí tí èèyàn ṣì lè yà sí ló ń jẹ́ kéèyàn pẹ́ láyé. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ níbí. Látìgbà tẹ́ ẹ ti mọ ògiri yí ilé yín ká, ta ni kò yà kí ìyá yín mọ́?