Ohùn Ìyá Iléṣà ní Èbúté

Títí dòní, mo ṣì ń rántí ohùn Ìyá Iléṣà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ta aṣọ. Wọn kì í pariwo. Tí àwa ọmọdé bá ń jà, wọ́n á rọra ní, “Ó tó báyẹn,” a ó sì dákẹ́.

Kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó wa wọ rélùwéè l'Óṣogbo láti lọ wo Èkó. Ibi tí a ti ń wo ọkọ̀ òkun ni a ò ti rí àbúrò mi, Àjọkẹ́, mọ́. Ìyá já gèlè lórí, wọ́n figbe ta:

“Àjọkẹ́ o! Àjọkẹ́ ò!”

Gbogbo èrò yíjú sí wọn. Àjọkẹ́ sáré jáde láàárín èrò, ó dì mọ́ wọn.

“Ìyá, ta ló nà yín?”

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú wọn.