Àga Mẹ́fà Tí Bàbá Ó-Wọ́ Gé Lẹ́sẹ̀

Ọ̀rọ̀ àga mẹ́fà ni gbogbo èèyàn fi máa ń bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Bàbá Ó-Wọ́, káfíńtà àdúgbò ìsàlẹ̀ tó ti dolóògbé. Àjọ kan tó ń gbógun ti ìṣẹ́ àti òṣì káàkiri àgbáyé ló kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀ wá jókòó pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò náà, kí àwọn lè gbọ́ ohun tó ń ṣe wọ́n. Alága àdúgbò gbé iṣẹ́ àga mẹ́fà fún Bàbá: àga gíga, onítìmùtìmù, tí wọ́n máa tò sórí pèpéle fún àwọn àlejò.

“Àwọn ará àdúgbò ńkọ́?” Bàbá bi í. “Kí ni wọ́n máa jókòó lé?”

“Ẹní wà nílẹ̀. Ó ti mọ́ wọn lára.”

Bàbá ò jiyàn. Ó kan àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n ń dán, wọ́n rẹwà. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, ó dé gbọ̀ngàn ṣáájú gbogbo èèyàn, ó sì mú ayùn dání.

Nígbà tí olórí àwọn àlejò, ọkùnrin gíga kan tó wọ kóòtù, fẹ́ jókòó, ó fi ìdí wá àga, kò bá a. Ó ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, títí orúnkún rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí rẹ̀. Ẹsẹ̀ àga náà kò gùn ju àtàǹpàkò lọ mọ́. Òógùn bo Alága.

“Bàbá! Kí lẹ ṣe yìí?”

“Wọ́n kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀ wá jókòó pẹ̀lú wa,” ni Bàbá dáhùn. “Ibi tí a máa ń jókòó sí nìyẹn.”

Kí a má purọ́ mọ́ àlejò náà, òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kò sì kúrò lórí àga yẹn títí ìpàdé fi parí. Ẹni méjì ló fà á dìde.

Ibi tí Bàbá ti rí orúkọ rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Ó ní igi ìwọ̀n kan tó ní ìgò kékeré láàárín. Omi wà nínú ìgò náà, afẹ́fẹ́ róbótó kan sì wà nínú omi, tí Bàbá máa ń pè ní ẹyinjú. Bí ó bá gbé igi náà lé nǹkan, tí ẹyinjú dúró láàárín, á mi orí. Bí ẹyinjú bá sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á kéde pé, “Ó wọ́!” Kò sí tábìlì tí kò wọ̀n wò, ì báà jẹ́ tábìlì onílé rẹ̀, ì báà jẹ́ tábìlì ilé ìfowópamọ́. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, “Bàbá, ẹnu yín náà wọ́.” Ó gbé igi náà wò, ó sì ní igi òun kò lè dúró lórí ẹnu.

Ohun kan ṣoṣo ló wà tí kò fi ṣeré. Ní ilé ìwé àdúgbò náà, orí sìmẹ́ńtì ni àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ń jókòó, wọ́n á gbé ìwé lé orúnkún, wọ́n á máa kọ ọ́. Báyìí ni Bàbá náà ṣe kọ́ ìwé nígbà èwe rẹ̀, títí ó sì fi dàgbà, lẹ́tà rẹ̀ máa ń dà bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ. Ó pinnu pé òun ò ní kú kí gbogbo ọmọ kíláàsì yẹn tó kúrò nílẹ̀.

Ọjọ́ ìpàdé yẹn ló kọ́kọ́ sọ ọ́ létí àwọn àlejò. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n lọ sí ilé ìwé, wọ́n ka àwọn ọmọ tó jókòó sílẹ̀. Lọ́dún kejì, wọ́n tún wá kà wọ́n. Lọ́dún kẹta, bákan náà.

“Ṣé wọ́n rò pé a máa jí àwọn ọmọ náà gbé ni?” Bàbá bi ìyàwó rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni àjọ náà máa ń rán wá pẹ̀lú ìwé ìbéèrè. Ó níwà, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kí èèyàn dáadáa. Lọ́dún kẹrin, ó bá Bàbá nínú ahéré iṣẹ́ rẹ̀.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń jẹun lóòjọ́?”

“Ìbéèrè èṣí nìyẹn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní kí n tún un bi yín ni.”

“Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? O ti jẹun lónìí?”

Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀. “Mi ò tíì jẹun, sà. Ilé tí mo gbọ́dọ̀ dé pọ̀.”

“Kọ orúkọ tìẹ sókè,” ni Bàbá wí, “kí o wá kọ tèmi sí abẹ́ rẹ̀.”

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí bírò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó Bàbá bu oúnjẹ fún un. Ó jẹun tán kó tó rántí pé òun ò tíì kọ ìdáhùn kankan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ìwádìí àjọ náà dé sí ilé ìwé, ó nípọn bí búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì kó ẹ̀dà rẹ̀ púpọ̀ wá nínú àwọn àpótí onípákó ńláńlá. Fọ́tò Bàbá wà nínú rẹ̀, níbi tó ti fara ti pákó lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọ̀gá ilé ìwé, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ló bá a ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò náà.

“Wọ́n ní, ‘Ọkùnrin kan tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́.’”

“Kí ni mo mú dání nínú fọ́tò yẹn?”

“Ayùn ni, sà.”

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Bóyá wọ́n á ti yí i padà.”

Bàbá ò béèrè fún ìwé náà. Àpótí tí wọ́n kó o sí ló béèrè. Ọ̀gá ilé ìwé ti ìwé mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, Bàbá sì ru àpótí lọ sílé. Pákó rẹ̀ ló fi ń kan bẹ́ǹṣì fún kíláàsì kìíní, méjìlá ni wọ́n nílò. Iṣẹ́ oníṣẹ́ ló ń ṣe láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́ débi pé ó ń sùn lórí ìjókòó. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ Sátidé bá mọ́, á ní, “Ó rẹ̀ mí o,” á sì mú òòlù.

“Ṣé gbogbo ayé lẹ fẹ́ tún ṣe ni?” ìyàwó rẹ̀ bi í.

“Rárá o. Ayé tóbi ju ayùn mi lọ. Kíláàsì kan ni.”

Bẹ́ǹṣì kọkànlá ló ṣe tán nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ké sí nọ́ọ̀sì pé bẹ́ẹ̀dì náà wọ́.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ wọ́,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Ẹ sún sókè.”

Nígbà tí wọ́n dá a padà sílé, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a di pákó mú tí ó fi kan bẹ́ǹṣì kejìlá. Ó kan ìṣó tó kẹ́yìn ní ọjọ́rú. “Ó rẹ̀ mí,” ló wí, “ọ̀la ni màá wọ̀n ọ́n.” Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀ àti ọ̀gá ilé ìwé gbé bẹ́ǹṣì náà wọ kíláàsì. Àwọn ọmọ tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ dìde. Ìyàwó Bàbá, tí àwọn ọmọ ń pè ní Ìyá, gbé igi ìwọ̀n lé e, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn tún ń ṣe sí bẹ́ǹṣì tuntun. Ẹyinjú yí lọ sí apá kan, ó dúró síbẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ ọ́ lójú opó?

Ọmọbìnrin kékeré kan ló sọ ọ́, jẹ́jẹ́.

“Ó wọ́.”

Ìyá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo kíláàsì bá a rín in, títí ó fi ń nu ojú rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ìwé ìwádìí náà jáde, ó sì wo ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì tó kúrú.

“Odindi rẹ̀ á ga jù, Mà.”

“Ẹ ya díẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi yọ fọ́tò Bàbá sọ́tọ̀ ná.”

Wọ́n ká ojú ìwé mẹ́jọ pọ̀, wọ́n tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ náà. Ẹyinjú rìn padà díẹ̀díẹ̀, ó dúró ní àárín. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ọmọ kankan tó jókòó sílẹ̀ ní kíláàsì kìíní.

Títí di òní, Ìyá máa ń wá ní àárọ̀ Sátidé, nígbà tí ilé ìwé bá dá páropáro. Á gbé igi náà lé àwọn bẹ́ǹṣì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá dé orí kejìlá, tí ẹyinjú ò mì, á fi ọwọ́ pa pákó náà bí ẹni ń pa ẹ̀yìn èèyàn.

“Kò wọ́ mọ́, Bàbá,” ni yóò wí. “Ẹ sinmi.”