Mo Jẹun Lọ́jọ́ Ààwẹ̀

Òùngbẹ ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ara mi ti yí padà. Inú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì la wà, ní ìgbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá. Mo ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ bisikíìtì n'Íkẹjà, ṣùgbọ́n èmi ṣì ni aṣáájú ẹgbẹ́ àdúrà ní ìjọ wa l'Ágége. Ààwẹ̀ kì í ṣe tuntun sí mi. Lọ́dún yẹn, kí n tó dìde lórí ìkúnlẹ̀, ọ̀fun mi á ti gbẹ táútáú.

Mo ń tọ̀ ṣáá, mo sì ń rù. Dípò kí àwọn ará ìjọ káàánú mi, ńṣe ni wọ́n ń yìn mí pé ààwẹ̀ náà ń hàn lára mi. Mo gba ìyìn náà, mo ka òùngbẹ sí ìdánwò, mo tún fi ọjọ́ kún ààwẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àdúrà ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí òòyì kọ́ mi. Orí ibùsùn ọsibítù ni mo la ojú sí. Wọ́n ti fa omi sí mi lára, Fọlákẹ́ ọmọ mi sì ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹsẹ̀ mi ń ta mí bíi pé ìjàlọ bò ó.

Àtọ̀gbẹ ni. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé oúnjẹ tí a bá jẹ máa ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, pé omi kan wà tí ara ń ṣe láti fi lo ṣúgà yẹn. Bí omi náà kò bá tó, tàbí tí ara kò kọbi ara sí i mọ́, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀, èèyàn á máa tọ̀, á sì máa gbẹ. Ẹ̀yin tó ń kà á, bí ẹ bá ń rù láìnídìí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yìn yín. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.

Dókítà ní kí n máa lo oògùn, kí n máa jẹun lásìkò, kí n má gbààwẹ̀ mọ́. Àárọ̀ tí a bá fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nìkan ni mo ń febi jókòó, lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, láàárín àwọn aláìsàn bíi tèmi.

Nígbà tí ara mi padà bọ̀ sípò, pásítọ̀ wa, tí mo lè bí lọ́mọ, rọra pè mí. Ó ní kí n lọ bá àwọn ìyá àgbà jókòó, torí ẹni tí kò gbààwẹ̀ kò lè ṣáájú àwọn tó ń gbà á. Inú bí mi gan-an.

"Pásítọ̀, ẹ má bínú," mo ní. "Inú ẹ̀jẹ̀ mi ni àìsàn wà, kò sí nínú àdúrà mi. N ò ní jókòó."

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ ààwẹ̀ ẹgbẹ́ wa, nígbà tí oòrùn kàn tàrí, mo ṣí abọ́ mi lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ̀wà àti ẹja ni. Mo jẹ ẹ́ tán, mo gbé oògùn mì, mo dìde, mo dá orin. Ẹsẹ àkọ́kọ́, èmi nìkan ni mo kọ ọ́. Síbẹ̀ mo ṣáájú àdúrà títí wọ́n fi ṣínu.

Ara yìí ti gbó, mo mọ̀. Òun ni mo fi sin Ọlọ́run nígbà tó ṣì lágbára, òun náà ni màá fi sìn ín bó ṣe ń gbọ̀n yìí. Mo dúpẹ́ pé ó ṣì ń jẹ́ mi nípè.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Bọ̀sẹ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, wá jókòó tì mí, ó gbé abọ́ tirẹ̀ jáde.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni tèmi," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo oògùn ní ìkọ̀kọ̀."

Pásítọ̀ ń wò wá. A jẹun tán, àwa méjèèjì dìde, a bẹ̀rẹ̀ àdúrà.