Máṣíìnì Tí Kò Kọjá Ogójì

Sabina kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí ó tó gun máṣíìnì fúnra rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń tún alùpùpù ṣe ní Abúlé Òkúta, lábẹ́ páànù kan tí kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ méjìlá lọ, kò sì tíì yí ìyẹn padà. Ọmọ Ìlàjẹ ni. Etí omi Bàrígà ni wọ́n bí i sí, níbi tí Raphael bàbá rẹ̀ ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àwọn apẹja ṣe. Ọmọbìnrin mẹ́rin ni bàbá náà bí, kò bí ọkùnrin. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Sabina nìkan ni kò sá fún òórùn epo.

Àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ ọ́n máa ń dé, wọ́n á béèrè ibi tí mẹkáníìkì wà. Sabina á nawọ́ sí bẹ́ǹṣì, á ní kí wọ́n jókòó. Tó bá ṣe díẹ̀, á gun máṣíìnì wọn lọ. Ìgbà tó bá padà dé, tó sì sọ ohun tó ń ṣe é, ni wọ́n á tó mọ ẹni tí wọ́n ń dúró dè.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù keje, aago mẹ́wàá àárọ̀, Mùíz dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Mùíz, alùpùpù ló fi ń gbé ẹrù àwọn oníṣòwò Bàrígà lọ fún oníbàárà wọn ní Palmgrove àti káàkiri. Máṣíìnì náà kì í ṣe tirẹ̀. Àlàjá Waliyat ní Ṣómólú ló ni ín, òun àti mẹ́rin mìíràn. Oníbàárà mẹ́ta ti pe Àlàjá láàárín ọ̀sẹ̀ kan pé ẹrù àwọn pẹ́. Àlàjá wá ní kí Mùíz mú kọ́kọ́rọ́ wá tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹlòmíràn ló máa gùn ún. Ó ní Mùíz ti fi máṣíìnì òun kó èrò ní kọ̀rọ̀, pé ìyà tó fi jẹ ẹ́ ló sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Mùíz kò kó èrò rí. Kò sì ní iṣẹ́ mìíràn.

Ó sọ fún Sabina pé máṣíìnì náà kò sáré kọjá ogójì mọ́. Àkànó, mẹkáníìkì kan ní Ladi-Lak, ti fọ kábúrétọ̀, ó ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó wá ní písítìnì ló ti jẹ, àfi kí àwọn tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Sabina ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

"Ṣé kì í kọjá ogójì rárá ni," ló bi í, "àbí ó ń kọjá kó tó padà?"

"Àǹtí, èyí tí kò bá ti kọjá, kò kọjá náà nìyẹn."

"Ìyàwó tó ń bínú láti àárọ̀ àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bínú nígbà tí o wọlé, ṣé ọ̀kan náà ni?"

Mùíz rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ó ní òun kò kíyè sí i.

Sabina gbé máṣíìnì jáde. Jíà kìíní, ìkejì, ìkẹta, kò sí wàhálà. Ní jíà kẹrin ó fún un níná, ó dé ọgọ́ta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá lẹ́nu. Nígbà tó ka àádọ́rin, máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀: àádọ́ta, ogójì, ó dúró síbẹ̀. Ó pa á sẹ́bàá títì, ó ra omi inú ọ̀rá kan, ó mu ún tán. Ó tún gùn ún. Ó tún dé ọgọ́ta. Nígbà tó tún ka àádọ́rin, ó tún wálẹ̀.

Ó ti mọ ohun kan báyìí. Písítìnì tó ti jẹ kì í sinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ara rẹ̀ le.

Ó padà dé, ó gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, ó fọwọ́ yí i. Ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, bíréèkì kò dì í mú. Ṣéènì kò le jù, kò sì dẹ̀ jù. Ó tú púlọ́ọ̀gì. Ẹnu rẹ̀ funfun bí eérú, ẹ́ńjìnnì tí epo ń tó kì í sì funfun lẹ́nu. Ó wá yọ róbà epo lábẹ́ táǹkì, ó ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò. Epo dà wàà. Lẹ́yìn náà ó tín-ín-rín bí òwú. Lẹ́yìn náà ó ń kán. Táǹkì sì kún ju ìlàjì lọ. Sabina fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ìdérí táǹkì. Atẹ́gùn wọlé, ó dún fíìì, epo tún dà wàà.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá rẹ̀ fi èyí hàn án. Ìdérí táǹkì ọkọ̀ ojú omi ní ìdè kékeré kan tí wọ́n ń tú kí wọ́n tó wakọ̀, kí atẹ́gùn lè wọlé. Ẹni tó bá gbàgbé láti tú u, àárín ọ̀sà ni ẹ́ńjìnnì ti máa dákẹ́.

Ó yẹ ìdérí ti Mùíz wò. Sítíkà roboto kan wà lórí rẹ̀, aláwọ̀ ewé, wọ́n fi Lárúbáwá kọ orúkọ Ọlọ́run sí i. Wọ́n gé ojú kọ́kọ́rọ́ sí i, wọ́n sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ yí ká kí òjò má bà á jẹ́. Ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọ táǹkì wà lábẹ́ rẹ̀, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Bí máṣíìnì bá sinmi ni epo tó ń kán fi ń tó o padà.

Mùíz ní Àlàjá ló lẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ àsàlátù wọn pé ọdún mẹ́wàá. Ó lẹ̀ ti àwọn mẹ́rin yòókù mọ́ iwájú, lábẹ́ iná. Iwájú ti Mùíz ti sán, ó wá lẹ̀ ẹ́ sórí ìdérí táǹkì.

Sabina mú abẹ́rẹ́. Mùíz dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Ẹ má gún orúkọ yẹn."

Ó ní òun náà kò jẹ́ ṣí i. Bó bá ya lọ́wọ́ òun, kí ni òun máa sọ fún Ọlọ́run, kí ni òun máa sọ fún Àlàjá? Ṣọ́ọ̀ṣì ni Sabina ń lọ, ṣùgbọ́n ó mọ Ẹni tó ni orúkọ náà. Ó dá abẹ́rẹ́ padà sí àyè rẹ̀.

"Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ló máa ṣí i," ló wí. "Pè é kó wá."

Mùíz ní ìyẹn ni kí èèyàn máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ohun tó ń wá a bọ̀. Ṣùgbọ́n ó pè é, Sabina sì dá púlọ́ọ̀gì àti róbà epo padà sí àyè wọn.

Aago kan ni Àlàjá sọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Sabina kúnlẹ̀ kí i. Àlàjá kò jókòó. Ó na ọwọ́ sí Mùíz fún kọ́kọ́rọ́, ó sì bi Sabina bóyá ọmọ náà ti sọ fún un pé òun kò kó èrò.

"Kò sọ nǹkan kan fún mi, mà. Máṣíìnì yín ló sọ."

Sabina mú agolo mílíìkì tó fẹ́ fi mu tíì jáde, ó fi ìṣó àti òòlù lé e, ó ní kí Àlàjá bá òun ṣí i, nítorí epo ló wà lọ́wọ́ òun. Àlàjá wò ó bí ẹni tí wọ́n rí fín. Síbẹ̀ ó lu ihò kan. Ó yí agolo, ó lu èkejì lódìkejì. Sabina fi ìka dí ihò kan, ó dorí agolo kodò sórí ife. Mílíìkì dà díẹ̀, ó kán, ó dúró. Ó gbé ìka kúrò. Ó dà.

"Àlàjá, kí ló dé tí ẹ fi lu ihò méjì?"

"Kí atẹ́gùn lè wọlé. Ta ni kò mọ ìyẹn?"

"Ihò kejì ti máṣíìnì yín wà lábẹ́ orúkọ yẹn, mà. Mo fẹ́ gún un, ọmọ yín kò gbà."

Àlàjá wo ìdérí táǹkì. Ó wá yíjú sí Mùíz.

"Ìwọ lo ò jẹ́ kó gún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Pẹ̀lú pé mò ń bọ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Àlàjá gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní Bísímílà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ṣí sítíkà náà létí. Ìdámẹ́rin wákàtí ló gbà á. Lẹ́tà kan kò ya. Ó rọra lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí ẹrù lẹ́yìn máṣíìnì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Fóònù rẹ̀ dún. Ẹnì kan ní Palmgrove ń béèrè ẹrù rẹ̀. Àlàjá ní kí ó fọkàn balẹ̀, Mùíz ti wà lọ́nà.

Mùíz kò jẹ́ kí ó wí i lẹ́ẹ̀mejì, ó gun máṣíìnì lọ. Àlàjá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Sabina bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún òun ní ìṣẹ́jú kan. Ó dúró sétí títì, ó kọ etí sí ohùn máṣíìnì náà. Ó gbọ́ jíà kejì. Ó gbọ́ ìkẹta. Ó gbọ́ ìkẹrin, ó ń kà lẹ́nu, ohùn náà kò sì wálẹ̀ títí tó fi jìnnà ju ohun tí etí lè gbọ́ lọ.