Ìjókòó Desmond Tuckwell Nídìí Tábìlì Òkè

Bí ẹ bá bi àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Kọ́lẹ́ẹ̀jì Sẹ́ǹtì Ósíìtì ní Ọ́sífọ́ọ̀dù, wọn á ní àwọn kò tíì rí oníwà pẹ̀lẹ́ bíi Desmond Tuckwell, olórí àwọn agbáwo tó ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ ní gbọ̀ngàn. Bí ẹ bá bi Doreen, tó fi ọdún mọ́kàndínlógún fọ àwo lábẹ́ rẹ̀, á ní òkúta ni wọ́n gbẹ́, tí wọ́n wá wọ kóòtù dúdú fún un. Irọ́ kò sí nínú ìròyìn méjèèjì. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná nìkan ló là wọ́n láàárín.

Òfin kan ni Tuckwell fi ń kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́: agbáwo kò ní ẹbí nínú gbọ̀ngàn. Bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá rẹ ló jókòó, o kò gbọdọ̀ kí i. Ó ti lé ọkùnrin kan lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko nítorí pé ó ṣẹ́jú sí ìbátan rẹ̀. Òfin yìí kò sí nínú ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Tuckwell ló gbé e kalẹ̀, Tuckwell náà ló sì ń bọ ọ́.

Ní ọdún 1981, Hilary, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ní àsè àkọ́kọ́, ó wọ gáùn dúdú, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn láàárín àwọn ọmọ tí bàbá wọn ti jẹun níbẹ̀ ṣáájú wọn. Wọ́n lu tábìlì, gbogbo ènìyàn dìde, wọ́n gbàdúrà ní èdè Látìn, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbé ọbẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ kan ọ̀rẹ́ tuntun tó jókòó tì í.

“Wò ó, dádì mi nìyí. Dádì, ẹ kí ọ̀rẹ́ mi.”

“Ẹ ṣì mí mú, màdáámù,” ni Tuckwell wí. “Ṣé kí n fi búrẹ́dì kún un?”

Doreen, tó ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà, sọ pé ọmọ náà lá ọbẹ̀ rẹ̀ tán láì gbójú sókè. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ wọlé wá, Doreen bi í pé, bó bá kú, ta ló rò pé yóò sunkún rẹ̀, àbí tábìlì ni? Tuckwell ní kó kọjú sí àwo tó ń fọ̀.

Tuckwell pinnu láti ṣàlàyé fún ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ Sunday. Hilary kò wá sílé ní ọjọ́ Sunday. Fún ọdún mẹ́ta kò jẹun ní gbọ̀ngàn mọ́. Búrẹ́dì àti wàràkàṣì ló ń jẹ nínú yàrá rẹ̀. Nígbà tó bá délé, ọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ ọgbà ni wọ́n ń sọ. Bàbá ń dúró de àkókò tó bójú mu, bí ẹni pé ẹnì kan ní láti lu tábìlì kí àforíjì tó lè dìde. Ọmọ gba iṣẹ́ sí Leeds, ó sì ń fi káàdì Kérésì ránṣẹ́.

Nígbà tí Tuckwell fẹ̀yìn tì ní 2003, kọ́lẹ́ẹ̀jì pè é wá jẹun nídìí tábìlì òkè, níbi tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń jẹun, òun àti àlejò kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ lẹ́tà sí Hilary kó tó fi ọ̀kan ránṣẹ́. Hilary wá.

Ọ̀kan lára àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni mí, iwájú wọn ni mo sì jókòó sí. Tuckwell ń jẹun bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò. Bí àwọn tó yí i ká ti gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó dìde lójijì, ó kó àwo Hilary àti ti olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwọn agbáwo tó dúró ti ògiri kò mọ̀ bóyá kí àwọn gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá wọn.

“Ẹ jókòó, Dádì,” ni Hilary wí. “Àlejò ni yín lónìí.”

“Ọwọ́ mi ló ṣe é.”

“Mo mọ̀. Ọwọ́ yín ti máa ń yá ju ẹnu yín lọ.”

Ó jókòó. Agbáwo kan gba àwọn àwo náà. Ó fọwọ́ tẹ́ aṣọ tábìlì tó wà níwájú rẹ̀.

“Mo mọ̀ ẹ́ lọ́jọ́ àsè àkọ́kọ́ yẹn,” ni Tuckwell sọ. “Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni mo ti rí ẹ.”

Hilary yíjú sí i.

“Ọdún mẹ́ta lo lò níbí, n kò bi ẹ́ rí. Jọ̀ọ́, sọ fún mi, ẹ̀kọ́ wo lo kọ́?”